Ìjókòó Méjì Tí Burl Fi Sílẹ̀

"Tí o bá tún dárúkọ ìjókòó yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, dúró kí n sọ̀ kalẹ̀! Màá fẹsẹ̀ rìn padà sílé!"

Darla ló ń pariwo, ó sì ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú gírígírí. Òkè ni ọkọ̀ ń gùn lọ. Àpáta wà lápá òsì, ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún, kò sì sí ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ju etí títì tínrín tí ìrì dídì ti sọ di funfun.

"Ó yá, sọ̀," Wendell àbúrò rẹ̀ dáhùn nídìí ìwakọ̀, kò wẹ̀yìn. "Àwọn béárì ti ń múra àtisùn di ìgbà ooru. Tí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹ, wọ́n á kó lọ sí ìpínlẹ̀ míì."

Sherry, ìyàwó Wendell, fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba imú jáde.

"Rẹ́rìn-ín, Sherry. Ọkọ ẹ ló máa fi ìjókòó bàbá mi ta ọ̀gá ẹ̀ lọ́rẹ lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ lo máa ra gúgúrú fún wọn."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni!" Wendell ké.

"Ọ̀bẹ tó wọ ikùn lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti wọ̀ ọ́."

Oneta, ìyá wọn, jókòó ti Darla lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré bó ápù sórí aṣọ ìnuwọ́ tó tẹ́ sẹ́sẹ̀. Ó ku ọdún kan kó pé ọgọ́rin. "Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó fún wa yẹn," ó wí, bíi pé òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀, "orúnkún ń dùn ún. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ ti ń fì sósì."

"Mọ́mì, ẹ fún mi ní ápù kan," Wendell wí.

Kò sẹ́ni tó dáhùn ọ̀rọ̀ orúnkún.

Lẹ́tà kan ló fa gbogbo èyí. Burl, bàbá wọn, kú nínú Oṣù Kẹta. Àwọn ará Tolliver, ìlú wọn, ní ọkùnrin náà gbọ́n, ó dúró kí ìgbà bọ́ọ̀lù kọjá kó tó lọ. Ní Tolliver, láti ìparí Oṣù Kẹjọ títí di ìgbà tí ewé bá wọ́ tán lórí igi, kò sẹ́ni tó ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú wọn bá ń gbá bọ́ọ̀lù olórí ṣóńṣó ti àwọn ará Amẹ́ríkà nílé. Ẹni tó bá dán an wò, òun àti àlùfáà nìkan ni yóò jẹ kéèkì náà tán. Ọdún mọ́kànlélógójì ni Burl fi ní ìjókòó méjì nínú pápá yẹn, ní ìlà kejìlélọ́gbọ̀n, níbi tí àárín pápá ti kọjú síni gan-an. Àwọn kan wà nílùú tó ti ń tọrọ irú ẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, wọn ò tíì rí i gbà.

Lẹ́tà náà ní òkú ò lè ní ìjókòó. Kí ẹbí kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sínú fọ́ọ̀mù kí Oṣù Kọkànlá tó parí. Ẹni tó bá ni orúkọ ló ni ìjókòó méjèèjì, òun ni yóò sì máa yan ẹni tí yóò jókòó tì í, títí òun náà yóò fi kú.

Lójú Darla, ọ̀rọ̀ yìí ò tiẹ̀ yẹ kó di ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ mú un gun àtẹ̀gùn yẹn. Ó ti di ẹni àádọ́ta ọdún báyìí, ó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé, kò sì sí òjò tó rọ̀ sí pápá náà tí kò rọ̀ sí i lórí. Ọdún tí Tolliver gbá mọ́kànlá, tó pàdánù mọ́kànlá, ó wà níbẹ̀. Wendell ńkọ́? Wendell lọ sí Ohio. Ó lo ogún ọdún ní Ohio, ó padà dé pẹ̀lú ìyàwó àti ohùn tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni nílé, ó wá ń sọ pé òun ni ọmọkùnrin. Ní Oṣù Kẹsàn-án wọ́n ní kí wọ́n máa pín in lò. Sátidé kan báyìí, Darla gun òkè dé ìlà kejìlélọ́gbọ̀n, ó bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ Wendell lórí ìjókòó Burl, ó ń jẹ gúgúrú, ó dé fìlà ẹgbẹ́ kejì. Darla bọ́ fìlà náà lórí ẹ̀, ó jù ú sísàlẹ̀. Orí ọmọ kan tó ń fọn fèrè ló balẹ̀ sí. Láti ọjọ́ yẹn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò tíì jọ sọ̀rọ̀ kí ẹnì kan má pariwo.

Burl ló fi àṣà ìrìn àjò òkè yìí lélẹ̀ pẹ̀lú. Sátidé kan nínú Oṣù Kọkànlá, èyí tí Tolliver bá lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú onílùú, ni gbogbo ẹbí ń gòkè lọ gé igi Kérésìmesì. Wọ́n á yá ilé onígi kan, wọ́n á jẹun, wọ́n á wo bọ́ọ̀lù, wọ́n á di igi mọ́ orí ọkọ̀, ó di ilé. Ikú ò fagi lé àṣà.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé oko igi. Àwọn igi tó máa ń wọ́wé ti wà níhòòhò káàkiri ẹ̀gbẹ́ òkè, àwọn igi Kérésìmesì nìkan ló tò ní ìlà ní ìlà, tí wọ́n tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òtútù ò kàn wọ́n. Oneta nawọ́ sí ọ̀kan tó ga díẹ̀ ju Wendell lọ. Wendell dùbúlẹ̀ gbalaja sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ayùn, bàtà rẹ̀ nìkan ló kù lójú. Darla di ara igi náà mú.

"Dì í mú dáadáa," ohùn Wendell jáde nísàlẹ̀.

"Mo dì í mú. Ìwọ lo ń fi ayùn pa á lára. Ṣé ẹnu ni wọ́n fi ń gé igi ní Ohio ni?"

Ayùn dúró. "Darla, ó ti rẹ̀ mí. Jẹ́ ká fi bọ́ọ̀lù òní parí ẹ̀. Ká mú nǹkan kan nínú ẹ̀, ìwọ mú bẹ́ẹ̀ ni, èmi mú bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá jẹ, kó gba ìjókòó. A ó bọ ara wa lọ́wọ́. Ó tán."

"Mi ò ní fi bàbá mi ta tẹ́tẹ́."

"Bàbá kọ́ là ń ta. Àga ni."

"Gé igi, Wendell."

Kò gé e. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Dádì mú mi lọ sí pápá," ó wí. "Kí n tó lọ sí Ohio, nínú gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo kà á. Ní ìgbà kan, torí pé ìwọ ní ìgbóná ni."

Darla wo bàtà méjèèjì tó yọ síta lábẹ́ ewé. Ó ní èsì lẹ́nu. Kì í ṣe obìnrin tí èsì ń wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó wá sí i lẹ́nu ò dára, ó sì gbé e mì. Ayùn bẹ̀rẹ̀ padà. Nígbà tí igi wó, ó wó sí Darla láyà pẹ̀lú gbogbo òórùn rẹ̀, wọ́n sì jọ gbé e lọ sí ìdí ọkọ̀.

Ọ̀sán gangan ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Oneta ti gbé ẹ̀wà kaná láti ìgbà tí wọ́n wọ ilé onígi, ẹ̀wà àti egungun ẹlẹ́dẹ̀, búrẹ́dì àgbàdo ń dúró de iná tirẹ̀. Darla wọ ẹ̀wù Burl, èyí tó pọ́n rúsúrúsú bí àwọ̀ Tolliver, tí apá rẹ̀ gùn ju apá Darla lọ ní ìka mẹ́rin. Wendell tan tẹlifíṣọ̀n, ó pa ohùn rẹ̀. Sherry gbé rédíò kékeré sórí tábìlì. Òfin Burl nìyẹn. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, Burl ní wọn ò mọ ọmọ ẹni tí wọ́n ń dárúkọ. Rédíò Tolliver ni ká fetí sí, ká máa fi ojú wo tẹlifíṣọ̀n.

Nílé, ó máa ń bára mu. Lórí òkè yìí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni tẹlifíṣọ̀n ilé onígi ti ń mú àwòrán wá, íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sì ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ fọ abọ́. Àwọn ọmọ Tolliver ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, wọn ò tíì mira, tí ọkùnrin inú rédíò ti ké pé, "Ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́! Wọ́n ti gbà á!"

"Ta ló gba kí ni?" Wendell dìde. Ó tó bí àkókò téèyàn fi ń kà dé àádọ́ta kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà lójú wọn.

"Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń rọ́ àlá fún èèyàn kó tó sùn," Darla wí. "Ẹ gbé nǹkan yìí kúrò níbí."

"Ẹ gbé e wá fún mi," Oneta ké láti ilé ìdáná. "Èmi ò nílò àwòrán."

Báyìí ni rédíò ṣe wọ ilé ìdáná. Sherry ló gbé òfin kalẹ̀: ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ mú ìròyìn jáde, kódà kò gbọdọ̀ fi ojú mú un jáde. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ lọ bu omi, tó ń bọ̀ tó ń pa ẹ̀rín mọ́, Wendell ju tìmùtìmù bò ó lójú. "Má wò mí! Má mí sí mi!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, Darla pẹ̀lú. Fún bí wákàtí méjì, ó fẹ́ẹ̀ dà bí àwọn ọdún tó ti kọjá. Tolliver gbé bọ́ọ̀lù wọlé, Wendell fò mọ́ Darla, ó gbé e kúrò nílẹ̀; ó gbé e sílẹ̀ wéré bí ẹni tó rántí pé ìjà ṣì ń lọ. Ohùn Oneta ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ilé ìdáná, ó ń bá rédíò jà: "Apá ọ̀tún! Ẹ gbé e gba apá ọ̀tún, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀!" Wọ́n ń gbọ́ ohùn náà bí wọ́n ṣe ń gbọ́ kùùkùù ẹ̀wà lórí iná.

Ó wá ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Tolliver ní ogún, àwọn onílé ní mọ́kànlélógún. Bọ́ọ̀lù wà níbi tí ọmọ olórúnkún yẹn ti lè gbá a gba àárín òpó méjèèjì, kí wọ́n sì fi ẹ̀yọ mẹ́ta jẹ. Olùkọ́ àwọn onílé ní kí wọ́n dá eré dúró díẹ̀, kí ẹ̀rù lè ráyè wọ ọmọ náà lára. Ìpolówó ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Sherry fi ọwọ́ bo ojú.

"Darla!" Oneta pè. "Wá bá mi sọ ìkòkò yìí kalẹ̀, ó wúwo."

"Mọ́mì, níbi tó dé yìí?"

"Ẹ̀wà ò mọ ibi tó dé."

Darla sáré lọ. Ó fi aṣọ di etí ìkòkò méjèèjì mú, ó gbé e, ooru gbà á lójú. Rédíò wà lójú fèrèsé, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í lórí àga gíga, ṣíbí ìrokà lọ́wọ́. Ohùn ọkùnrin inú rédíò ti wálẹ̀. Ó ní wọ́n ti tò. Ó ní bọ́ọ̀lù ti lọ. Ó ní ó ga tó, ó jìnnà tó. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń túfọ̀: "Òpó òsì. Ó gbá òpó òsì, ó já sílẹ̀. Ó parí."

Ìkòkò ṣì wà lọ́wọ́ Darla. Ó gbé ojú sókè. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Oneta na ọwọ́, ó pa rédíò. Darla sọ ìkòkò sórí pákó, ó nu ọwọ́, ó jáde.

Lójú tẹlifíṣọ̀n, ìpolówó ọṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí. Àwọn ọmọ Tolliver ń rìn padà sórí pápá, gbogbo wọn ṣì ní ìrètí. Wendell yíjú sí i. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó rí bí ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi sílẹ̀ sílé.

"Darla, mo bẹ̀ ẹ́. Èyí nìkan. Ká fi èyí parí ẹ̀. Ó wọlé tàbí kò wọlé. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ mú."

Ó lè sọ pé rárá. Ó ti sọ rárá láàárọ̀, kò sì ṣòro láti tún un sọ. Ó lè sọ pé, má ta á, mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ṣùgbọ́n ó tún rí ìlà kejìlélọ́gbọ̀n, ó rí fìlà burúkú yẹn lórí ọkùnrin yẹn, ó rí ọdún mọ́kànlélógójì tí ẹnì kan fẹ́ fi ìwé kan gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tẹ́ni bá fi ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣọ́, ó lè ṣe é bí ẹni pé kò sí ọ̀nà burúkú láti gbà á padà.

"Kò ní wọlé," Darla wí.

Sherry sọ ọwọ́ kúrò lójú.

"Kí lo sọ?" Wendell bi í.

"Mo ní ó máa tàsé. Mo mú un. Ìwọ mú òdìkejì."

Nínú ẹbí yẹn, ẹnikẹ́ni kì í sọ ibi sí Tolliver tí bọ́ọ̀lù bá wà nílẹ̀. Burl ti lé pásítọ̀ jáde nílé nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó èyí. Ẹyin lohùn. Wendell wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sórí ẹ̀wù rúsúrúsú náà, sórí apá rẹ̀ tó gùn jù.

"Nínú ẹ̀wù Dádì?" ó wí. "Ìwọ?"

"Ṣé o fẹ́ ká parí ẹ̀ àbí o ò fẹ́?"

"Ó máa wọlé," Wendell wí, ó sì kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó ká ìka sí ìka. "Ó máa wọlé. Gbá a, ọmọ mi. Gbá a."

Darla ò wo bọ́ọ̀lù. Wendell ló ń wò. Ó rí i bí ọrùn àbúrò rẹ̀ ṣe ń gùn tẹ̀lé bọ́ọ̀lù náà lọ sókè, bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń là díẹ̀díẹ̀ sí ayọ̀, bí ayọ̀ náà ṣe dúró níbẹ̀ tí kò ríbi lọ. Sherry ní "Áà." Nígbà náà ni Wendell pa ẹnu dé.

Ó yíjú padà, ó na ọwọ́.

"Ó tàsé," ó wí. "Mo ní a ó bọwọ́, a ó sì bọwọ́. Tìẹ ni, Darla. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Darla gbà á. Láti Oṣù Kẹsàn-án ló ti ń dúró de ọwọ́ yìí. Ó ti máa ń rò ó nídìí bọ́ọ̀sì láàárọ̀, bí yóò ṣe rí, ohun tí yóò sọ. Báyìí, ó kàn fẹ́ kí Wendell tètè jọ̀wọ́ ọwọ́ òun.

Oneta jáde láti ilé ìdáná, abọ́ ẹ̀wà méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ooru ń rú lórí wọn. Ó gbé ọ̀kan síwájú Sherry. Ó gbé èkejì síwájú Wendell.

"Mọ́mì," Wendell wí, "fọ́ọ̀mù yẹn ńkọ́? Tó bá wà nínú àpò yín, ẹ gbé e wá ká kọ orúkọ Darla sí i. Òun ló jẹ."

"Kò sí lọ́wọ́ mi. Mo ti fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Orúkọ ta lẹ kọ?" Darla bèèrè.

"Orúkọ mi."

"Tiyín?" Wendell wí. "Mọ́mì, ẹ ò wọ pápá yẹn rí."

"Ọdún mọ́kànlélógójì," Oneta wí, kò gbóhùn sókè, ó ń fi aṣọ ìdáná nu ọwọ́. "Ìjókòó méjì. Gbogbo Sátidé ni mo ń di oúnjẹ fún yín, tí mò ń gbọ́ ọ nínú rédíò. Mo mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ti wọ ẹ̀wù yẹn. Mo mọ ẹni tí orúnkún ń dùn. Ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣé ẹnì kan nínú yín bi mí pé Mọ́mì, ṣé ẹ̀ ń bọ̀?"

Wendell wo abọ́ iwájú rẹ̀. Sherry dìde, ó tún jókòó.

"Èkejì ńkọ́?" Wendell bèèrè lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ohùn rẹ̀ kéré. "Ta ló máa bá yín jókòó?"

Oneta wo Darla, bó ṣe wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

"Darla ni. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti rò ó bẹ́ẹ̀, títí di bíi ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí èmi àti ẹ̀ jọ gbọ́ ọ nínú rédíò pé ọmọ yẹn gbá òpó, tó sì jáde wá síbí wá bá ẹ ta tẹ́tẹ́ ẹ̀." Ó fa àga, ó jókòó. "Wendell, aago mẹ́wàá ni kó o wá gbé mi lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀."